Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Kí Maṣíìnì ní Ìlú Ọ̀pọ́

Ẹ sún mọ́ra, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ibi fìdí lé. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kó yáa wú u tán báyìí, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti hó lẹ́nu mi, n kì í dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti dẹ igbó tí ẹyẹ kì í fò kọjá lórí rẹ̀. Èmi àti ẹkùn kan jọ dé odò lẹ́ẹ̀kan náà rí, ẹkùn yà sẹ́yìn, ó ní kí àgbà kọ́kọ́ bu omi mu. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ Ìdí-Ẹmì. Ajá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ajá kì í sì í purọ́, àyàfi tí ẹran bá sọnù nínú ìkòkò.

Ọdẹ́jìnmí ga bí ọ̀pẹ, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin. Kò sí ẹranko tó bà á lẹ́rù. Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láyà láyé: kó gbé igbá ẹran lérí kó máa kiri. Ní Ìdí-Ẹmì, ọdẹ ló ń pa ẹran, ìyàwó ọdẹ ló ń tà á; bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni Àwẹ̀ró, ìyá Mosún, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí. Nígbà tí ọkùnrin náà ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ó ti sọ fún un lójúkojú pé, "Abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n mú. Èmi kò ní kiri ìgbín, n kò ní kiri ọ̀yà. Bí ẹ bá fẹ́ mi bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ mi." Ojú ìfẹ́ fọ́, Ọdẹ́jìnmí gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá ń bá a ta ẹran. Ó ń ta ìdajì, ó ń jẹ ìdajì. Ó ń dun ọdẹ, ṣùgbọ́n kò rí i sọ.

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀ ni maṣíìnì Àwẹ̀ró kú. Maṣíìnì dúdú àtijọ́ ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un. Aṣọ ọdún gbogbo ọmọ àdúgbò ló wà nílẹ̀, áńkárá jọ gègèrè ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Maṣíìnì ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dákẹ́. Alátùnṣe dé, ó tú u, ó wò ó, ó dé e padà, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ọ̀rọ̀ ta sí àwọn ìyá ọmọ létí, wọ́n rọ́ dé.

"Ìyá Mosún, ẹ kó aṣọ ọmọ mi fún mi o, kí n gbé e lọ fún Ìyá Gáòn." Ìyá Gáòn ni télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì.

"Ìyá Gáòn kẹ̀?" Àwẹ̀ró ní. "Ẹni tó rán ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì?"

"Ó sàn ju ṣòkòtò tí kò lẹ́sẹ̀ rárá!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló dun Àwẹ̀ró. Ó dìde, ó bọ́ síta gbangba, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Bí ọmọ kan bá wọ àlòkù jáde lọ́jọ́ ọdún ní àdúgbò yìí nítorí tèmi, n kò tún fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ láyé. Igbá ẹran ọkọ mi ni màá gbé, màá sì kiri rẹ̀ dé iwájú ilé yín."

Ọdẹ́jìnmí ń nu ìbọn lábẹ́ igi nígbà tó gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: òun náà dìde, ó lu àyà, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Bí ìyàwó mi bá sì rán an tán, èmi fúnra mi ni màá máa gbé igbá ẹran mi kiri, láti ọjọ́ ọdún lọ!" Ó mọ̀ pé maṣíìnì ti kú. Ẹni tó bá òkú ta tẹ́tẹ́, ta ló máa jẹ ẹ́?

Àṣé ayé kì í dúró síbi tí a gbé e sí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan gba ọ̀nà oko yọ, tí òjìji rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ oòrùn wà níwájú. Maṣíìnì ló gbé lérí. Ó pupa, ó ń dán, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń kọ mọ̀nà. Ọkùnrin náà ń ké pé, "Tuntun rèé! Ọ̀pọ́ rèé! Itan ọ̀yà kan péré!"

Àwẹ̀ró sáré jáde. "Tuntun? Ní itan ọ̀yà kan? Kí ló ṣe é?"

"Kò sóhun tó ṣe é, ìyá," ni ọkùnrin náà wí. "Àmọ́ àpẹẹrẹ ni mo fi èyí ṣe, ó ti ní olówó. Ìlú Ọ̀pọ́ ni irú rẹ̀ pọ̀ sí, ní ẹ̀yìn Igbó Aláìdákẹ́. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ bi maṣíìnì fúnra rẹ̀ léèrè." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bá tẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lọ.

Inú Ọdẹ́jìnmí bà jẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú. Ó ní, "Ìyá Mosún, ohun tó pọ́ tó báyìí, kí ni a tún ń béèrè? Màá ránṣẹ́ kí wọ́n gbé e wá, tó bá fọ́, kó fọ́." Ohun tó ń gbàdúrà fún gan-an ni pé kó fọ́.

Àwẹ̀ró wò ó títí. "Bàbá Mosún, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbóòórùn ẹran kí ẹ tó yìnbọn sí i, ẹ ní kí n ra maṣíìnì láìwo ẹnu rẹ̀? Ẹ gbé itan ọ̀yà. Àwa méjèèjì la ń lọ."

Bí ọdẹ, ìyàwó ọdẹ àti ajá ọdẹ ṣe forí lé igbó nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin kò tíì dé Igbó Aláìdákẹ́. Èmi ti dé ibẹ̀ rí, mo sì jáde, ẹ fojú mi wo bí mo ṣe dára tó. Gbogbo igi ibẹ̀ ló lẹ́nu. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹnu náà ṣe: wọ́n ń gba èrò ọ̀nà nímọ̀ràn. Kò tíì pẹ́ tí Àwẹ̀ró dárúkọ maṣíìnì tí ìrókò kan fi ké pé, "Ẹ rà á! Mo gbọ́ pé ó dára!"

"Ẹ má rà á," ni àràbà wí. "Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ àna mi rà á, kó tó gbé e délé ló ti fọ́."

"Èmi rà á," ni igi ọsàn kan wí, "ó dára púpọ̀, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ kò bá mi lára mu."

"Ẹ ní sùúrù," ni ẹlòmíràn wí. "Èyí tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀ á dára jù ú lọ. Èmi náà ti ń dúró de ti ọdún tó ń bọ̀ láti ayé bàbá bàbá mi."

Igi kékeré kan tí kò ju ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lọ wá na ọrùn sókè, ó ní, "Èmi kò rà á o, n kò sì rí i rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ́gbọ́n á ti mọ̀ pé kò dára."

Bí ọ̀tún ti ń wí ni òsì ń takò ó. Ọdẹ́jìnmí yíjú síhìn-ín, ó yíjú sọ́hùn-ún. Bó bá ti gba ti ìrókò, ti àràbà á wọ̀ ọ́ létí. Orí rẹ̀ ń yí bí òòyì. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbé. Ó wo ilẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn wọ inú erùpẹ̀, wọ́n ń di gbòǹgbò. Ewé kan tutù yọ̀yọ̀ yọ lórí èjìká rẹ̀. Ajá gbóòórùn ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè bí ajá ti máa ń ṣe sídìí igi.

"Ìyá Mosún," ni ọdẹ wí pẹ̀lú ohùn tó ti ń di ohùn igi, "ẹ rà á... ẹ má rà á..."

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà igi. Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn. Ta ni nínú yín tó ti fi rán aṣọ rí?"

Gbogbo igbó dákẹ́. Ìrókò ń wo ọ̀run. Àràbà ń ka ewé ara rẹ̀. Igi ọsàn ní ikọ́ ń ṣe òun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ débi pé gbòǹgbò ẹsẹ̀ Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ara rẹ̀, ó tijú, ó sì fà padà. Wọ́n sáré kọjá kí ẹnikẹ́ni tó tún rí nǹkan sọ.

Bí wọ́n ṣe jáde ni wọ́n dé bodè Ìlú Ọ̀pọ́. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ, òwú ni wọ́n fi so ọrùn rẹ̀ mọ́ èjìká, ó wọ bàtà kan tó fún un débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe dúró.

"Ta ni yín?" ni iwin náà bi wọ́n.

Ọdẹ́jìnmí na àyà. "Èmi ni Ọdẹ́jìnmí! Èmi tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa erin! Erin ṣubú, ilẹ̀ mì, ìkòkò fọ́ nílé aládùúgbò!"

Àwẹ̀ró rọra wí sí i létí pé, "Erin tó ti kú lánàá kí ẹ tó débẹ̀."

"Dákẹ́ ńbẹ̀. Ṣé ó sọ fún ọ pé òun ti kú?"

Ìtàn erin yìí, kò sí àpèjọ kan ní Ìdí-Ẹmì tí Ọdẹ́jìnmí kì í ti sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, á sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń sìnkú, á sọ ọ́ fún òkú. Òun ni ọrọ̀ rẹ̀.

Iwin bodè ní, "Erin tàbí ìgbín, ìyẹn kò kàn mí. Ẹ já àlọ́ mi kí ẹ tó wọlé. Kí ni ohun tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́?"

Ọdẹ́jìnmí ronú. "Ìyàwó," ló wí.

Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ iwin náà. "Bàtà tó fúnni lẹ́sẹ̀."

Iwin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí òwú ọrùn rẹ̀ fi tú, orí rẹ̀ já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sínú kòtò, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwẹ̀ró mú orí náà, ó fa abẹ́rẹ́ yọ nínú gèlè, ó gán an mọ́ ọrùn padà pẹ̀lú òwú onípele méjì. "Èyí á pẹ́ díẹ̀ sí i," ló wí. Iwin dúpẹ́, ó sì fi Ọdẹ́jìnmí jẹ Balógun Ọ̀pọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ló gbà.

Inú ọdẹ dùn títí wọ́n fi wọ ìlú. Ibẹ̀ ló ti rí i pé oyè pọ́ ní Ìlú Ọ̀pọ́ ju erùpẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu létí títì, Balógun ni. Ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nínú agbada omi, Balógun ni, ó tún jẹ Ọ̀tún pọ̀ mọ́ ọn. Ilé pọ́: ẹnu ọ̀nà wà, ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín pọ́: wọ́n ń fi igbá wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin kan kọjá tó ra ẹsẹ̀ mẹ́rin nítorí pé ó pọ́, kò wá mọ èyí tí òun á kọ́kọ́ gbé, láàárín ọ̀nà ló ti ń bá ara rẹ̀ jà. Ìbùkún pọ́, èpè pọ́, ọ̀rẹ́ pọ́ jù. Ẹni mẹ́wàá ló ti di ọ̀rẹ́ ajá Ọdẹ́jìnmí kó tó dé ọjà.

Ọjà maṣíìnì nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn! Pupa, búlúù, èyí tó dà bí wúrà. Ìlà wọn lọ títí ó fi bọ́ sínú kùrukùru. Gbogbo wọn ló jọra. Ẹni tó ń tà wọ́n ni iwin kan tó ń jẹ́ Sọ̀kalẹ̀. Ẹnu méjì ló ní: ọ̀kan ń yin ọjà, ìkejì ń húkọ́ kí oníbàárà má bàa fura sí ohun tí ẹnu àkọ́kọ́ fò.

"Ẹ káàbọ̀, Balógun, ẹ káàbọ̀, ìyá," ni Sọ̀kalẹ̀ wí. Ó gbé maṣíìnì pupa kan síwájú wọn, ó pè é ní itan ọ̀yà kan. "Ọjà wa kì í purọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni oníbàárà lè bi ọjà, ọjà á sì sọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rà á tàbí ẹ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè tán, tó wá ń sọ pé 'ẹ jẹ́ n lọ rò ó ná', Igbó Aláìdákẹ́ la ń gbìn ín sí. Bí àwọn igi wọ̀nyẹn ṣe di igi nìyẹn."

Àwẹ̀ró di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Mosún, ẹ jẹ́ n ronú. Ìbéèrè mẹ́ta kò pọ̀. Ẹ má sọ nǹkan kan."

"Kí ni màá sọ?" ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Ó wá sún mọ́ maṣíìnì. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò lè dúró ti nǹkan tó ń sọ̀rọ̀ kó má kí i. Ọdẹ́jìnmí tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Ṣé ara le?"

"Ọ̀kan lọ!" ni Sọ̀kalẹ̀ ké.

"Àgbẹdọ̀! Mo kí i ni!"

"Ẹ béèrè bóyá ara le. Ìbéèrè ni."

Maṣíìnì mí kanlẹ̀. "Ara kò le, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀wù irin ni mo wọ̀, ṣùgbọ́n ike ni eegun inú mi. Bí ẹ bá rọra fi mí rán aṣọ fẹ́lẹ́, áńkárá àti irú rẹ̀, màá bá yín ṣe é. Bí ẹ bá ki òfì tí a ṣẹ́ po mẹ́rin sí mi lẹ́nu, eyín mi á ká."

Sọ̀kalẹ̀ ń húkọ́ kíkan kíkan. Ó ti pẹ́ jù.

Ojú ti Ọdẹ́jìnmí nítorí ìbéèrè tó sọnù. Bí ojú bá sì ti ọmọ Yorùbá, kí ni ó ń ṣe? Ó ń tún ìkíni kí ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú. Ilé ńkọ́?"

"Èjì lọ!"

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n maṣíìnì ti ń dáhùn. "Ilé jìnnà, bàbá. Kò sí ẹbí mi kankan ní ìlú yín. Bí eyín mi kan bá ká, kò sí alátùnṣe tó ní irú rẹ̀ nínú àpótí, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí eyín kan bá ká ni n ó di ìdìpọ̀ irin. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pọ́."

Ọdẹ́jìnmí ń retí èébú. Dípò èébú, ìyàwó rẹ̀ mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó rí ẹni tuntun.

"Bàbá Mosún," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ohun méjì tí mo fẹ́ dọ́gbọ́n béèrè gan-an nìyẹn. Ẹ ti fi ìkíni béèrè rẹ̀ tán."

"Mo mọ̀," ni ọdẹ wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni." Ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀yin èèyàn. Irọ́ ni.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Sọ̀kalẹ̀ rí i pé ọjà fẹ́ bọ́, ó ń sọ iye rẹ̀ kalẹ̀ bí orúkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀yà. Ó dáa, ìrù rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀ lásán, kí ẹ gbé e lọ!" Ọdẹ́jìnmí fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀: òórùn ni wọ́n ń gbà! Àwẹ̀ró kò gbọ́. Ó ń wo ìlà maṣíìnì tó lọ títí, ètè rẹ̀ ń mì. Níkẹyìn ó tẹ̀ ba, ó ní, "Ta ni ẹ bá jọ eyín nínú gbogbo ọjà yìí?"

Sọ̀kalẹ̀ pàápàá gbàgbé láti húkọ́. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹnikẹ́ni kò bi maṣíìnì nírú èyí.

Maṣíìnì wá dáhùn. "Níta, gbogbo wa la jọra, ìyá. Nínú, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo la jọ eyín. Ẹ wo èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀wọ̀n yẹn, tí orí rẹ̀ tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, tí wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn mú. Àwa méjèèjì ni wọ́n jọ dà lọ́jọ́ kan náà. Eyín rẹ̀ ni eyín mi."

Àwẹ̀ró nàró. "Mo ra yín méjèèjì," ló wí. "Ìwọ fún iṣẹ́, òun fún ẹbí. Bí eyín rẹ bá ká, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó ti yá a. Bàbá Mosún, ẹ san itan ọ̀yà. Odidi itan o. Òórùn kọ́."

Sọ̀kalẹ̀ gba itan ọ̀yà. Kò sẹ́ni tó san iye tó kọ́kọ́ pè rí. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ kejì, èyí tó ń húkọ́, sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀, kò níye. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ rí. Ohun tí kò níye ní ọjà wa, ohun tó dun ènìyàn jù láti fi sílẹ̀ la fi ń rà á." Ó wo Ọdẹ́jìnmí, ó gbé ahá kékeré kan jáde. "Balógun, ẹ sọ ìtàn erin yẹn sínú ahá yìí. Bí mo bá ti dí i pa, ti yín kọ́ mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ìgbà yìí ni inú ọdẹ dàrú. Bí Ọdẹ́jìnmí bá kọ̀, maṣíìnì pupa á lọ láìní ẹbí, eyín rẹ̀ á ká láàárín aṣọ ọdún, igbá ẹran á bọ́ sórí Àwẹ̀ró, erin á sì kù sílé. Bí ó bá gbà, kò ní erin mọ́, igbá ẹran á sì bọ́ sórí òun tìkára rẹ̀. Ta ni kò mọ èyí tó pọ́ nínú méjèèjì? Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kó sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwẹ̀ró kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí maṣíìnì tí orí rẹ̀ tẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ há ètè, ó ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń tọ́ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kun orin jẹ́jẹ́ láàárín abẹ́rẹ́. Bó ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ rí i, tó mú ẹ̀wù ọdẹ tó ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹ̀wù mìíràn ya lọ́jọ́ kejì.

"Gbé ahá wá," ni ọdẹ wí fún Sọ̀kalẹ̀.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí kò ṣe sọ ọ́ rí. Erin náà ga ju òkè lọ, ọta náà kọrin kó tó bà á, ilẹ̀ mì dé ìlú kẹta. Gbogbo ọjà ló dúró. Ewúrẹ́ Balógun sunkún. Nígbà tó sọ ọ́ dópin, Sọ̀kalẹ̀ fi èdìdì dí ahá pa, Ọdẹ́jìnmí sì fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bí ẹni tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n kọjá nínú Igbó Aláìdákẹ́ bí wọ́n ṣe ń padà lọ, Àwẹ̀ró ru pupa, Ọdẹ́jìnmí ru olórí-títẹ̀. "Ẹ rà á àbí ẹ kò rà á?" ni àwọn igi ń ké. "A ra méjì," ni Àwẹ̀ró wí, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn wọn, igi kékeré yẹn ń wí pé, "Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n rà á."

Bí wọ́n ṣe délé, Àwẹ̀ró jókòó ti maṣíìnì. Kò sáré, kò fi agbára tẹ̀ ẹ́. Òfì kan tí ìyá kan jí kì mọ́ áńkárá ọmọ rẹ̀, ó yọ ọ́, ó dá a padà. Aṣọ ń jáde. Ẹ̀wù ń jáde, ṣòkòtò ń jáde, ẹsẹ̀ méjèèjì sì gùn bákan náà. Nígbà tó ku aṣọ díẹ̀, nǹkan ró *kà!* nínú pupa. Àwọn ìyá tó ń yọjú lójú fèrèsé ké yéè. Àwẹ̀ró kò mira. Ó tú olórí-títẹ̀, ó yọ eyín kan, ó fi sí ẹnu èkejì rẹ̀, ó bu òróró sí i, ó tẹ pẹ́dà. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin padà bí ẹni tó sọ̀rọ̀ dánu dúró láti mu omi.

Lọ́jọ́ ọdún, kò sí ọmọ kan ní àdúgbò yẹn tó wọ àlòkù. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, aṣọ ń dán, wọ́n ń sáré kiri kó lè tètè dọ̀tí.

Lẹ́yìn wọn ni Ọdẹ́jìnmí yọ, igbá ẹran lérí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kiri ọjà. Ó ń fi ohùn tí wọ́n fi ń lé ìmàdò ké pé, "Ẹran rèé o!" Àwọn ọmọ sá wọ ilé, adìẹ sá, Ìyá Gáòn ti ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan ṣoṣo ló dúró, nítorí pé kò lè sáré. Ó ṣí igbá wò, ó ní òun fẹ́ àyà ọ̀yà, ó sì dá iye kan tó jọ àwàdà.

"Ìyá," ni Ọdẹ́jìnmí wí, "ẹ mọ bí mo ṣe fi àyà fà nínú ẹ̀gún kí n tó rí ẹran yìí?"

"Ṣé èmi ni mo ní kí o fi àyà fà? Ó yá, sọ ọ́ kalẹ̀."

Àwẹ̀ró na ọrùn jáde lójú fèrèsé, abẹ́rẹ́ há ètè rẹ̀. "Bàbá Mosún! Ẹ rẹ́rìn-ín sí oníbàárà!"

Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà náà rí eyín ọdẹ, ó rántí bí wọ́n ṣe ń sáré.

Ó ti mọ ẹran tà báyìí o. Ó ń ta odidi igbá, kò sẹ́ni tó ń jẹ ìdajì, Àwẹ̀ró sì ti ní ọmọ-iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Ìdí-Ẹmì kọjá, tí ẹ rí ọkùnrin gíga kan tó gbé igbá lérí, ẹ fi ọ̀wọ̀ kí i, ẹ bi í bóyá ara le, ẹ bi í léèrè ilé àti ọmọ, kí ẹ sì san iye tó bá pè. Ohun yòówù kí ẹ ṣe, ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ ọ̀pọ́.